Ọjọ́ Tí Ọkàn Ìyá Ọlọ́sàn Ṣàárẹ̀

Bí ènìyàn bá wọ Fìdítì tó ń béèrè ilé Ìbíyẹmí Ṣàngótóyè, wọ́n lè máa wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Ọlọ́sàn lòun ń wá, ẹni mẹ́ta á nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń pè é ní tíṣà mọ́. Iṣẹ́ tó mú lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kún fún ọmọ igi ọsàn nínú ọ̀rá dúdú, ó tò wọ́n bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Kóró ọsàn kíkan ló máa ń kọ́kọ́ gbìn. Bí igi rẹ̀ bá ti tó pẹ́ńsù, á fi abẹ la èèpo ara rẹ̀ díẹ̀, á gé ojú kan tó fẹ́ rúwé lára igi ọsàn aládùn, á ki í bọ ibẹ̀, á wá fi ọ̀rá wé e bí ẹni tó ń di egbò. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àlejò ti di onílé. Wọ́n ń wá rà á láti Ìmínì, láti Ìwàrè, títí dé Awẹ́. Ó kéré lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, ó sì máa ń bá igi tó bá lọ́ra láti hù wí, bó ṣe máa ń bá ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé wí láyé ọjọ́sí.

Ọkọ rẹ̀ ni Obadiah, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ọdún méjì ṣáájú ohun tí a fẹ́ sọ yìí ni àìsàn ọkàn kọ lu Obadiah, kò sì fi ara pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó ti ń jẹun ló ti dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú, ó ké, ó sì ṣubú lé àga. Ìbíyẹmí tí kò kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí mọ ohun tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí, dókítà ibẹ̀ fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọ́n sì gba Ìbàdàn lọ láìfi àkókò ṣòfò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, bàbá ti padà sílé.

Láti ìgbà náà ló ti ní ìtàn. Ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ níbi ìsìnkú, ó sọ ọ́ fún awakọ̀ tí kò mọ̀ rí. Bó bá ti dé ibi tó ti di àyà mú, dandan ni kó dìde kó fi hàn wọ́n. Ìbíyẹmí máa ń ní bí ọkọ òun bá tún ṣubú lé àga yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, àga náà ló máa ṣáájú rẹ̀ kú. Nítorí bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé, gbogbo àdúgbò pàápàá, ló mọ bí àìsàn ọkàn ṣe ń wá. Bó ṣe ń wá bá Obadiah ni wọ́n mọ̀.

Ti Ìbíyẹmí kò wá bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni, ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ tí oorun kò lè lé lọ. Ó gbé korobá omi láti ìdí ẹ̀rọ, ó sì ní láti jókòó ní ààbọ̀ ọ̀nà, òun tó máa ń gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní oòrùn ló mú òun. Lọ́jọ́rú ó ní ọjọ́ orí ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, kò tún dárúkọ ohunkóhun mọ́, ó kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí àwọn ará Ìmínì kan ń bọ̀ wá kó igi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìrora náà gba ọrùn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn, láàárín èjìká méjèèjì. Èébì ń gbé e. Obadiah wò ó títí, ó wá béèrè bóyá àyà ń dùn ún. Ó ní rárá, bóyá eyín ni. Ọkàn Obadiah balẹ̀. Bí kò bá ti jẹ́ àyà, wàhálà kò sí nìyẹn.

Síbẹ̀ ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé òun náà lọ níjọ́sí. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ìyá gan-an. Ó bi í bóyá ó ń jẹun lásìkò, bóyá nǹkan kan ń bà á nínú jẹ́, bóyá àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Ó fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀. Ó ní ọgbẹ́ inú ni, pẹ̀lú ibà díẹ̀, àti pé ìyá ń ronú jù. Ó kọ oògùn olómi funfun fún ọgbẹ́ inú, ó sì fi oògùn ibà kún un. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo ọkàn Obadiah lọ́dún méjì sẹ́yìn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó kí eruku má baà bà á. Kò sẹ́ni tó ronú láti ṣí i, Ìbíyẹmí náà kò sì béèrè. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé ibà ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó sì padà sílé lọ jókòó ti àwọn igi rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, Ṣùkúrát yà sílé náà láti mú ọmọ igi mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ni Ṣùkúrát, Ìlọrà ló ń gbé, Ìbàdàn ló sì ń lọ ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Abdulwaheed ọkọ rẹ̀, tíṣà sáyẹ́ǹsì, ló fi mọ́tò gbé e wá, ó jókòó sínú rẹ̀ ó ń dúró dè é. Ṣùkúrát kúnlẹ̀ kí ìyá níbi tó jókòó sí lórí àpótí láàárín àwọn ọ̀rá dúdú. Ìyá dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó wá bi í pé kí ló dé tí kò wá sí kíláàsì lánàá, bí ẹni pé ọmọ iléèwé ni í ṣe.

Ṣùkúrát kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ìyá mú, ọwọ́ náà tutù bí omi inú àmù, bẹ́ẹ̀ ni òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Ó wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lọ́rùn ọwọ́. Ó ń lù kíákíá, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín bí òwú. Ó sáré mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nínú báàgì rẹ̀. Méjìlélọ́gọ́rin ni tòkè, èyí tó yẹ kó tó ọgọ́fà. Ó tún un wọ̀n. Ọgọ́rin.

Ó béèrè ìgbà tí ìyá tọ̀ gbẹ̀yìn. Ìbíyẹmí bínú díẹ̀ sí ìbéèrè yẹn, ó ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyí lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n Obadiah tó ti jáde síta ní òun kò rí i kó lọ láti àárọ̀.

Ṣùkúrát yíjú sí bàbá. “Ọkàn ìyá ni, sà. Ìbàdàn la ń lọ báyìí.”

“Kò di àyà mú,” ni Obadiah wí.

“Kò pọn dandan kó di àyà mú, sà. Ẹ bá mi gbé apá kejì.”

Wọ́n mú ásípírìn nínú oògùn Obadiah fún un kó rún un lẹ́nu, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀yìn mọ́tò. Ó yẹ ká mọ̀ pé Abdulwaheed kì í sáré. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó ni ìyàwó rẹ̀ ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé alùpùpù tó gbé ewúrẹ́ mẹ́ta ń kọjá òun àti ọkọ òun lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn, Ṣùkúrát gbé fóònù sétí láti sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ń bọ̀, kò sì tíì bá ẹnì kẹta sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi yọ sí Mọ́níyà. Obadiah jókòó níwájú, kò sọ̀rọ̀ kankan. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ ba Ìbíyẹmí lẹ́rù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, pé Obadiah jókòó láti Fìdítì dé Ìbàdàn láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, Obadiah ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó sáré wọlé láti pe ènìyàn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì fi ọwọ́ kan di àyà mú. Òṣìṣẹ́ kan rí i, ó ti àga onítáyà bọ̀ ní kíákíá, ó sì fi bàbá jókòó sínú rẹ̀ tipátipá. Ẹlòmíràn ti ń béèrè orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀. Obadiah ń pariwo pé òun kọ́ o, ìyàwó òun ni, ó wà nínú mọ́tò, wọ́n sì ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé, “Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, bàbá, ẹ fara balẹ̀.” Àfìgbà tí Ṣùkúrát wọlé pẹ̀lú ohùn nọ́ọ̀sì ni wọ́n tó gbé bàbá dìde tí wọ́n gbé ìyá jókòó.

Dókítà ọkàn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni Ummu-Salamah, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ híjáàbù àti awò ojú, ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó lẹ wáyà mọ́ àyà Ìbíyẹmí, ó wo ìwé tó jáde lára ẹ̀rọ, ó sì fi ẹ̀rọ mìíràn wo ọkàn náà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ti dí, ó sì ti pẹ́ tó ti dí. Ọkàn kò rí oúnjẹ jẹ, agbára rẹ̀ ti lọ, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ dé ibi tó yẹ mọ́. Wọ́n so oògùn tó ń gbé ìfúnpá sókè mọ́ ọn lára.

Ìbíyẹmí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ibi tó wà mọ́ nígbà náà. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni já òun nírọ́ lórí rẹ̀. Ó gbọ́ tí dókítà ọkùnrin kan sọ pé ìyá ti dàgbà, pé ara rẹ̀ kéré, kí wọ́n jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́ ná títí di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó fi wáyà wọ inú iṣan náà. Ó wá gbọ́ ohùn obìnrin tí kì í ga.

“Bó bá jẹ́ bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ṣé a máa dúró di ọjọ́ Ajé?”

Lẹ́yìn náà ni bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ.

Wọ́n gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wáyà tín-ín-rín wọlé títí dé ọkàn, wọ́n la ojú iṣan tó dí, wọ́n sì fi irin róbótó kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó padà dí. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún un lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Ìbíyẹmí ní ó yé òun dáadáa, ó jọ sípíríǹgì inú báírò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ènìyàn pé báírò wà nínú ọkàn òun, tíṣà lòun máa kú sí.

Ọjọ́ kẹta yẹn ni ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó lè kàwé. Fáìlì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí wọ́n gbé e fún òun, nítorí kò sí ìwé tó lè wà nítòsí rẹ̀ tí kò ní yẹ̀ wò. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà àkọ́kọ́. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ láìfi àmì kankan sí i, ìyẹn kan. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ọkùnrin ni wọ́n kọ, nítorí orí àga onítáyà bàbá ni fáìlì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó pe dókítà.

Ummu-Salamah wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tètè gbé fáìlì náà jáde. Ìbíyẹmí náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, dókítà fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní òun kò fi gbogbo ẹnu ṣàwàdà. Ó ní nínú àwọn tí irú èyí bá ṣe, tí ọkàn bá rẹ̀ débi tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin ló ń bá a lọ jù. Ara obìnrin ní tirẹ̀ nínú rẹ̀, ọjọ́ orí náà ní tirẹ̀, nítorí ó sábà máa ń pẹ́ kó tó ṣe obìnrin. Ṣùgbọ́n apá kan wà tí kì í ṣe ẹjọ́ ara.

“A máa ń pẹ́ ká tó mọ̀ pé ọkàn ni, mà. Bí a bá sì mọ̀, a tún máa ń lọ́ra láti ṣe fún obìnrin ohun tí à ń sáré ṣe fún ọkùnrin. Ẹ̀yin fúnra yín, ìgbà wo lẹ mọ̀ pé ara yín kò yá?”

“Ọjọ́ Ajé,” ni Ìbíyẹmí wí.

“Bàbá ńkọ́, nígbà tiwọn?”

Ìbíyẹmí ronú sí i. “Kó tó gbé ṣíbí sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Òun tó rí ti ọkọ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ni kò rí tara rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni bó ṣe bínú sí ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú pẹ́. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Olúbọ̀dé, ọmọ wọn, wá láti Àbújá, ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì padà. Ó wá ku Obadiah nìkan pẹ̀lú ilé ìdáná. Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè kò níyọ̀, ó ní dókítà ló ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Èkejì kò lẹ́ran, kò lẹ́ja, kò sì ní ata. Ìbíyẹmí béèrè dókítà wo ló fòfin de ata. Ní àràárọ̀ wọ́n jọ máa ń rìn lọ sí pápá iléèwé, wọ́n á sì jọ rìn padà, bàbá gíga àti ìyá kúkurú, tí wọ́n ń jiyàn ọkàn ta ló rí ìyà jù. Obadiah ní tòun ni ojúlówó, òun di àyà mú. Ìbíyẹmí á ní, “Ariwo ni tiyín pọ̀ jù, Bàbá Olúbọ̀dé. Tèmi ló fẹ́ pa ènìyàn.”

Dókítà ọ̀dọ́ ilé ìwòsàn aládàáni yẹn gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì wá kí i. Ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, kò sì fẹ́ dìde. Ìbíyẹmí ní kó jókòó, ó gbé ìwé àti báírò fún un, ó wá ka gbogbo rẹ̀ fún un bí ẹni ń pe àpèkọ: àárẹ̀ tí oorun kò lé lọ, àgbọ̀n ríro, ẹ̀yìn, èébì, òógùn tútù, ọwọ́ tútù, àìtọ̀. Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ láìfo ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa lọ, ó ní òun ti ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà náà tó fi ẹ̀rọ kan náà wo ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Ìmínì tó ní èjìká ń ro òun. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni obìnrin náà dé Ìbàdàn, ó sì ti padà sóko rẹ̀ báyìí.

Nígbà tí agbára rẹ̀ padà, Ìbíyẹmí ní òun fẹ́ bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fi fọ́n oògùn sára igi dání, omi sì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí ọ̀kan nínú wọn máa tẹ apá ẹ̀rọ náà dáadáa. Omi fọ́n dé òkè fèrèsé, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sá. Ó ní kó máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀. Ó ní bí ọkàn òun ṣe ṣe nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ wà, kò dín, ṣùgbọ́n kò rí agbára tó máa gbé e dé ọwọ́, dé ẹsẹ̀, dé orí, ìdí nìyẹn tí òun fi ń bi ìyàwó oníyàwó léèrè ohun tí kò jẹ́ kó wá sí kíláàsì.

Josephine, olórí ẹgbẹ́ náà, nawọ́. Ó ní bí ènìyàn bá wá gbé ara rẹ̀ dé Ìbàdàn, tó wá jẹ́ ibà lásán ńkọ́, ṣé wọn ò ní máa sọ pé ó ti ṣàṣejù?

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́,” ni Ìbíyẹmí wí. “Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ sí wà láàyè, ó ń gbọ́.”

Ṣùkúrát mú un lọ bá àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wọn ní Ìlọrà, láti ibẹ̀ ló ti dé Awẹ́ àti Ìwàrè. Obadiah ló ń bá a gbé ẹ̀rọ ìfọ́noògùn. Wọn kò fún un láyè láti sọ ìtàn tirẹ̀, àfi bí Ìbíyẹmí bá fẹ́ kí wọ́n rí bí ti ọkùnrin ṣe ń rí. Nígbà náà á dìde, á di àyà mú, àwọn obìnrin á sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin Ìwàrè kan tó ń jẹ́ Ojúọlá yọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, ojú rẹ̀ kò dùn. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìbíyẹmí nílùú wọn. Lọ́jọ́ kan èébì gbé e, ẹ̀yìn ń ro ó, òógùn bò ó. Ó pariwo pé ọkàn òun ni, àwọn ọmọ rẹ̀ kó o sínú mọ́tò, wọ́n sáré dé Ìbàdàn. Wọ́n wò ó látòkè délẹ̀. Ẹ̀wà àti dòdò tó jẹ lájẹjù ni. Gbogbo Ìwàrè ti wá ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́wà. Ó ní òun wá sọ fún Ìyá Ọlọ́sàn pé ó kó ìtìjú bá òun.

Ìbíyẹmí kọ́kọ́ fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín débi pé Obadiah sáré jáde wá wò ó bóyá àìsàn náà tún ti dé. Ó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú wọlé, ó fi í jókòó. Ó béèrè bó ṣe pẹ́ tó láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti yí padà títí tí wọ́n fi gbéra. Ojúọlá ní kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó béèrè bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ojúọlá ní wọ́n wò ó, ó sì fa ìwé tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde yọ nínú báàgì, nítorí ó ti fẹ́ fi jà.

Ìbíyẹmí tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà tó ń gùn tó ń sọ̀. Obadiah wọ yàrá, ó mú tirẹ̀ jáde, ó sì mú ti ìyàwó rẹ̀ kún un. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ orí ba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ojúọlá,” ni Ìbíyẹmí wí nígbà tó yá, “tìrẹ ló dára jù nínú gbogbo wa.”

Inú obìnrin náà yọ́ díẹ̀. Ó béèrè bóyá lóòótọ́ ni. Nígbà tó ń lọ, ó ti ra ọmọ igi ọsàn méjì, ó sì ń bi Obadiah léèrè bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.